Rìsíìtì Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Mi

Ní ọjọ́ Ajé kan, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, baba onílé wa ní Ìgbògbò wá sọ fún wa pé ilé kì í ṣe tòun mọ́. Aago yẹn dá mi lójú nítorí pé iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, mo sì ń wo fóònù mi bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. Baba dúró níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ mú bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi," ó ní. "Àwọn ọmọ ti ta ilé. Ẹni tó rà á fẹ́ wó o, ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní kí n fún gbogbo yín."

Ìyá mi fi okùn bàtà sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Baba? Níbo lẹ ó máa gbé?"

"Wọ́n láwọn ó gbé mi lọ sí Lẹ́kì lọ́dọ̀ wọn. Èmi tí mi ò lè gun àtẹ̀gùn."

"Ẹ ti di ará Lẹ́kì nìyẹn. Bá a bá pè yín, Òyìnbó lẹ ó máa sọ sí wa."

Baba rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ bàtà kejì. Ìgbà tí Baba lọ tán ni mo rí i pé ìyá mi tún ti ń wọ bàtà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́.

Ọdún mẹ́tàdínlógún la ti wà nínú ilé yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìyá mi mú mi wá láti Ọ̀ṣun lẹ́yìn ikú bàbá mi. Yàrá kan àti pálọ̀ la gbà, ilé ìwẹ̀ sì wà lẹ́yìn, tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò. Ìyá mi ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní àgbègbè àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ti ń di ọṣẹ sínú páálí. Bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ máa ń gbé wọn ní ìkóríta tí kò jìnnà sí wa. Iṣẹ́ yẹn ló fi rán mi lọ sí yunifásítì. Nígbà tí Baba fi wá sọ̀rọ̀ yìí, mo ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo sì ti kọ̀wé wáṣẹ́ káàkiri láìrí èsì.

A kọ́kọ́ wá ilé bí gbogbo èèyàn ṣe ń wá ilé. Èmi ni mo tẹ̀lé àwọn éjẹ́ǹtì. Ohun tí mo rí ni mò ń sọ, kì í ṣe ohun tí mo gbọ́: owó tí à ń san fún yàrá àti pálọ̀ kò lè gba yàrá kan ṣoṣo mọ́ ní Ìgbògbò, ọdún méjì sì ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Éjẹ́ǹtì kan fi yàrá kan hàn mí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé kejì, àlàfo àárín wọn kò ju ìbú ọwọ́ lọ. Mo bi í pé afẹ́fẹ́ ńkọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ lọ sétí òkun."

Obìnrin kan tó ń bá ìyá mi wọ bọ́ọ̀sì ló sọ fún un nípa ilé ìjọba. Ó ní ìjọba ti ń kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ tówó wọn kò pọ̀, pé èèyàn á máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, bó bá sì san án pé, ilé ti di tirẹ̀. Ìyá mi délé, ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ń sọ àlá. Mo sọ fún un pé kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ wò ó.

Mo lọ. Ọkọ̀ já mi sílẹ̀ lọ́nà Ìtòìkín, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn wọlé. Lóòótọ́ ni ilé wà níbẹ̀. Ó ga ní àjà mẹ́ta, wọ́n kùn ún, wọ́n da ọ̀dà sí ojú ọ̀nà, wọ́n sì gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Àwọn kan ti ń gbé inú àwọn tó wà níwájú, àwọn tó wà lẹ́yìn ṣì ń dúró de àwọn tó máa gbé ibẹ̀. Obìnrin kan ń sá aṣọ sí ẹ̀yìn fúláàtì rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Mo kí i, n kò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"O wá wò ó bóyá irọ́ ni, àbí?" ó ní. "Èmi náà wá wò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá."

Ó sọ fún mi pé ìmọ́tótó lòun ń ṣe nílé ìwòsàn, pé òun kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ìjọba. Ní Ẹ̀pẹ́, nínú gbọ̀ngàn, níṣojú gbogbo èèyàn, wọ́n ní kí kálukú ki ọwọ́ bọ garawa kó mú bọ́ọ̀lù kan. Aláwọ̀ ewé ni ilé, funfun ni òfìfo. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi mú aláwọ̀ ewé. Mo bi í pé kí ni kò dára níbẹ̀. Ó ní omi kì í fi gbogbo ọjọ́ yọ, ọkọ̀ sì jìnnà. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ rọra lu ògiri ilé náà bí ìgbà tí èèyàn ń lu ẹ̀yìn ọmọ. "Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan pé kí n kó jáde."

Bí mo ṣe ń padà lọ sílé, mo yẹ gbogbo ohun tó sọ wò, n kò rí ibi tí mo ti lè já a nírọ́. Mo sọ fún ìyá mi pé òótọ́ ni. Èmi ni mo sọ ọ́. Títí di ìgbà yẹn ó ń ṣe é bí àlá. Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá kọ́tìnnì tó wà ní pálọ̀ wa á bá fèrèsé ibẹ̀ mu.

Fọ́ọ̀mù náà kò le. Wọ́n fẹ́ káàdì ìdánimọ̀, ìwé láti ibi iṣẹ́, ìwé owó orí, àti rìsíìtì owó ilé ọdún mẹ́ta, kí wọ́n lè mọ̀ pé ayálégbé ni èèyàn lóòótọ́ àti pé ó ti ń gbé ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìyá mi kì í sọ ìwé nù. Ó fa ọ̀rá kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo rìsíìtì ọdún mẹ́tàdínlógún wà nínú rẹ̀, kò dín ẹyọ kan. Mo tẹ́ wọn sílẹ̀. Lórí gbogbo wọn, pẹ̀lú ìkọ̀wé Baba tó tẹ̀ sí apá ọ̀tún, ohun kan náà ló wà níbẹ̀: pé òun gba owó yàrá àti pálọ̀ lọ́wọ́ Ìyá, orúkọ mi á sì tẹ̀ lé e. Orúkọ ìyá mi kò sí lórí ìkankan. Nísàlẹ̀, "Baba Onílé" nìkan ni Baba kọ fún ara rẹ̀.

Mo mú wọn lọ bá Baba níwájú ilé. Wẹ́dà, ọkùnrin tó ń jó irin mọ́ irin, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, wà lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀pà.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kò kọ orúkọ ìyá mi gan-an?"

Baba wò mí bí ìgbà tí mo kí i lóòró. "Orúkọ wọn gan-an? Ìyá ọlọ́mọ! Kí n máa la orúkọ mọ́ wọn lórí bí ọlọ́pàá? Nígbà tí wọ́n dé ibí, wọ́n mú ọ lọ́wọ́. Mo ní kí lorúkọ rẹ, o sọ ọ́ fún mi. Ó tán."

"Ṣé ẹ mọ orúkọ wọn báyìí?"

Ó ronú sí i. Ó ju ẹ̀pà kan sẹ́nu. "Mi ò mọ̀ ọ́n o." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o mọ tèmi?"

N kò mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́tàdínlógún, Baba ni mò ń pè é. Wẹ́dà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun.

"Kò le," Baba ní. "Lọ ra búkù rìsíìtì tuntun wá. Ìrọ̀lẹ́ kan ni n ó fi kọ gbogbo ẹ̀. Mo ti kọ ti wẹ́dà yìí lánàá, ilé ìjọba yẹn náà ló ń wá. Òun náà, Bàbá Ìbejì ló wà lórí tiẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Wẹ́dà mi orí. "Tètè lọ rà á, àbúrò. Nígbà tọ́wọ́ Baba ṣì yá."

N kò rà á. Lójú ewé tó kẹ́yìn nínú fọ́ọ̀mù náà, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó bá mú ìwé tí kì í ṣe òótọ́ wá, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀, kò sì ní lè tọrọ ilé mọ́ láé. Mo kà á fún ìyá mi.

"Ṣé a ò gbé níbí ni?" ó ní.

"A gbé níbí."

"Ṣé mi ò sanwó ni?"

"Ẹ sanwó, Màmá."

"Irọ́ wo ló wá wà níbẹ̀?"

"Ọjọ́ tó máa wà lórí ẹ̀ ni. Bírò tuntun, ọjọ́ àtijọ́. Bí wọ́n bá wò ó dáadáa, wọ́n á mọ̀."

Ó kó àwọn rìsíìtì náà padà sínú ọ̀rá. "Ìwọ lo kàwé. Ohun tó o bá ní ká ṣe la ó ṣe."

Ohun tí mo ní ká ṣe ni pé ká lọ búra ní kóòtù. A lọ sí kóòtù ní Ìkòròdú lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dá wa lóhùn, ìyá mi sì pa iṣẹ́ ọjọ́ méjì jẹ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pé òun fúnra rẹ̀ ni Ìyá tí orúkọ mi tẹ̀ lé, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú àwọn rìsíìtì àtijọ́, wọ́n ti pọ́n ní etí. Ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé ìwé tó mọ́ ni mo gbé dání.

Òṣìṣẹ́ tó gba fáìlì wa ní Ẹ̀pẹ́ jẹ́ obìnrin kan tó wọ jígí. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí: kò bú wa, kò tọrọ ohunkóhun, ó sì ka gbogbo ewé. Ó pe ìyá mi ní "Mà". Nígbà tó kà á tán, ó bọ́ jígí rẹ̀.

"Mà, ìwé ìbúra yìí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ jẹ́rìí fún ara yín. Ẹni tó gbowó ló yẹ kó sọ pé òun gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí baba onílé wá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan níbí. Bí wọn ò bá lè wá, kí wọ́n fọwọ́ sí i nílé, kí wọ́n lẹ fọ́tò wọn mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù."

Mo wá àṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò rí. Bí èmi náà bá jókòó sórí àga yẹn, ohun tí n bá sọ nìyẹn.

Nígbà tí a padà dé Ìgbògbò, ilẹ̀kùn yàrá Baba wà ní títì. Wẹ́dà ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an làwọn ọmọ rẹ̀ fi mọ́tò gbé e lọ sí Lẹ́kì. Ó ní Baba ní kí wọ́n dúró dè wá, wọn kò dúró. Ọ̀rọ̀ tí wẹ́dà sọ nìyẹn. Èmi kò sí níbẹ̀.

Mo pe fóònù Baba. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló gbé e. Mo rọra ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ẹ fẹ́ kí baba wa fọwọ́ sí i pé ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ ti wà nínú ilé yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Nítorí ilé ìjọba ni."

"Kẹ́ ẹ lè wá gbé e lọ sí kóòtù lọ́la pé ẹ ò ní kó jáde? Bí àwọn ayálégbé ẹ̀gbọ́n mi ṣe ṣe é nìyẹn. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tọ́rọ̀ ilé ẹ̀ ti wà ní kóòtù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe fóònù yìí mọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n bá Baba sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Baba ń sùn."

N kò mọ̀ bóyá Baba ń sùn. Mo pè nígbà mẹ́rin sí i láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wọn kò gbé e. Ìyá mi ní ká lọ sí Lẹ́kì. Mo bi í pé ojúlé wo. Kò mọ̀ ọ́n, èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Kò sì sí orúkọ tí a ó fi béèrè rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Òṣìṣẹ́ oníjígí náà ní òun kò ní da fáìlì wa nù, òun á fi í sí ààrin àwọn tí ìwé wọn kò pé. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe wá lóore, mo sì rò pé oore ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ mú bọ́ọ̀lù, ìyá mi ní òun á tẹ̀lé wẹ́dà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo ní kí ló fẹ́ lọ ṣe, nígbà tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ní ìyàwó wẹ́dà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò yẹ kí wẹ́dà dá lọ. Èmi náà bá wọn lọ. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n tún ìwé kálukú yẹ̀ wò. Mo rí i bí òṣìṣẹ́ oníjígí yẹn ṣe gbé rìsíìtì wẹ́dà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n funfun nini. Ọjọ́ tó wà lórí èyí àkọ́kọ́ àti ọjọ́ tó wà lórí èyí tó kẹ́yìn fi ọdún púpọ̀ jìnnà síra, bírò kan náà sì ni. Ó wò wọ́n, ó fi àmì sí i, ó ní kó wọlé.

N kò bínú sí i. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà lórí ìwé wẹ́dà, àfi ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ó gbé níbẹ̀, ó sanwó níbẹ̀, ọmọ mẹ́ta ló ń tọ́ nínú yàrá kan. Bí wọ́n bá ní kí n yan ẹni tí ilé tọ́ sí, n kò lè yọ ọ́.

Ó ki ọwọ́ bọ garawa. Aláwọ̀ ewé ló mú. Kò pariwo. Ó yíjú padà, ó ń wá wa láàárín èrò, nígbà tó sì rí wa, ó wolẹ̀.

Ìyá mi ló pariwo. "Wẹ́dà! Ìwọ náà di onílé! Ẹ wò ó, ó ń wolẹ̀ bíi pé wọ́n lù ú! Dìde jàre, Bàbá Ìbejì, fi eyín ẹ hàn wọ́n!" Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a fi máa dé ọjà ẹja, ohùn rẹ̀ ti há nítorí ariwo yẹn. Ó ra ẹja àrọ̀ kan fún ìyàwó wẹ́dà, ó ní kó fi se ọbẹ̀ ìkómọ. Nínú ọkọ̀, ó gbé orí lé gíláàsì fèrèsé títí a fi dé Ìkòròdú. N kò mọ̀ bóyá ó sùn.

Lọ́sẹ̀ tí wẹ́dà gba kọ́kọ́rọ́, ó wá sí pálọ̀ wa, kò fẹ́ jókòó.

"Màmá, yàrá méjì ni. Ẹ wá mú ọ̀kan. Ìyàwó mi ló ní kí n wá sọ ọ́, kì í ṣèmi nìkan. Ẹ ó máa bá a gbé ọmọ, ẹ ó sì máa ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́."

Ìyá mi gbójú sókè. Mo rí ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó fẹ́ gbà. Ìwé tí wọ́n fún wẹ́dà wà lọ́wọ́ mi, òun ló ní kí n bá òun kà á. Ó wà níbẹ̀ pé ẹni tó gba ilé kò gbọdọ̀ fi ẹlòmíràn tí kì í ṣe ará ilé rẹ̀ síbẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á gba ilé padà. Mo kà á sókè.

Wẹ́dà na ọwọ́ gba ìwé náà padà. Lẹ́yìn náà ìyá mi ní, "Ṣé ìwé yẹn ló ń fọhùn ni, àbí ìwọ?"

"Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo kà, Màmá."

"Mo gbọ́." Ó yíjú sí wẹ́dà. "Má jẹ́ kí wọ́n torí mi gbalé lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn. Ọlọ́run á bá ẹ ṣọ́ ọ."

Mo ti ronú lé e lórí nígbà púpọ̀ láti ìgbà náà. Ká ní mo ra búkù rìsíìtì lọ́jọ́ yẹn, bóyá bọ́ọ̀lù funfun ni ìyá mi ì bá mú. Ìyẹn ṣeé ṣe. Àwọn tó mú funfun pọ̀ ju àwọn tó mú aláwọ̀ ewé lọ. N kò lè sọ pé èmi ni mo gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọwọ́ rẹ̀ kò wọ garawa, èmi ni mo sì fà á sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó purọ́ fún wa. Ìjọba ní òun á kọ́ ilé, ó kọ́ ọ. Wọ́n ní níṣojú gbogbo èèyàn la ó ti mú bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Mo yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo wá ẹni tí n ó bínú sí, n kò rí i.

Oṣù mẹ́fà pé. Ìyá mi kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí àbúrò rẹ̀ ní Ọ̀ṣun ní yàrá kan wà lẹ́yìn ilé òun. Wọ́n wó ilé Ìgbògbò ní ọjọ́ Ọjọ́rú. Mo dúró wò ó títí katapílà fi dé ògiri yàrá wa. Èmi ń sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan báyìí. Wọ́n ní ìpín kejì ilé ìjọba ń bọ̀. N kò tíì rí fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ń sọ lórí fóònù pé ara òun le, pé yàrá náà tóbi, pé òun á ríṣẹ́ láìpẹ́. N kò tíì débẹ̀.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ tó gbé e lọ sí Ọ̀ṣun jáde ní gáréèjì Ìkòròdú. Ìyá mi jókòó sí ìlà kẹta. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan nítorí pé awakọ̀ fẹ́ gba owó ẹrù, ó sì ń bẹ ọkùnrin tó jókòó tì í pé kó jọ̀ọ́ kó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò díẹ̀, kí òun lè ráyè.